Ìyá mi tẹ́ẹ́rẹ́, àtọ̀gbẹ sì mú un: ṣé sísanra mi ló wá fẹ́ fa tèmi ni?

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 43 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n’Ìbàdàn. Kílò 61 ni mí nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì mi ni ara mi ti ń kún díẹ̀díẹ̀, mo ti di kílò 84 báyìí. Gíga mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160. Lóṣù tó kọjá, wọ́n wá ṣàyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kí n tó jẹun, ṣúgà mi jẹ́ 112. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ kí n lọ dín ara kù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Ìyá mi tí àtọ̀gbẹ pa, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sanra jù mí lọ dáadáa, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìyá ọkọ mi sì ní tí mo bá rù, àwọn èèyàn á ní ọmọ àwọn ò tọ́jú mi. Ṣé ara ni àbí ṣúgà tí mò ń jẹ? Kílò mélòó ni kí n dín kù? Ọ̀rẹ́ mi kan dín tiẹ̀ kù, gbogbo ẹ̀ ló padà. Ṣé kò wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.”

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ọjà. Ohun tó ń dà yín láàmú, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ohun tí ẹ fojú ara yín rí nínú ẹbí kò bá ohun tí nọ́ọ̀sì sọ mu. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni àrùn mú, ẹni tó sanra ló ń lọ tó ń bọ̀. Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí, òótọ́ náà sì ni nọ́ọ̀sì sọ. Àlàyé tó so méjèèjì pọ̀ ni wọn ò ráyè ṣe fún yín nídìí tábìlì àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí n ṣe é.

Ká kọ́kọ́ mú 112 yẹn. Tí èèyàn kò bá jẹun fún wákàtí 8 ó kéré tán, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ka 100 sí 125 sí bèbè àtọ̀gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti 110. Èyí tí a bá tẹ̀ lé nínú méjèèjì, 112 yín wà ní bèbè. (Ẹni tó bá ń kà yìí ní Ìlú Ọba á rí i lórí ẹ̀rọ tiwọn bíi 6.2.) Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún ní ìka kò tó ṣèdájọ́, ìkìlọ̀ ni. Àìmọye ìgbà ni mo ti bi èèyàn bóyá ó jẹun kó tó wá, tó ní rárá, tó wá jẹ́ pé ẹ̀yìn náà ló máa sọ pé òun kàn mu tíì oní-mílíìkì kí òtútù má baà mú òun. Tíì oní-mílíìkì, oúnjẹ ni. Ẹ lọ tún un ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá yín, lẹ́yìn òru tí ẹ kò fi nǹkan kan kan ẹnu àfi omi.

Ṣé ara ni àbí ṣúgà? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣúgà inú ife tíì ló ń lọ tààrà sínú ìtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èbà o, àmàlà o, ìrẹsì o, búrẹ́dì o, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà tí inú bá ti lọ̀ wọ́n tán. Insulin ló ń jẹ́ kí iṣan (ẹran ara tí a fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀) àti ẹ̀dọ̀ gba ṣúgà yìí wọlé kó má baà kún inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pancreas, ló sì ń ṣe insulin. Èyí tí a kò bá lò nínú ohun tí a jẹ, ọ̀rá ni ara ń sọ ọ́ dà, abẹ́ awọ ló sì fẹ́ràn láti kó o sí: ìdí, itan, apá. Ọ̀rá abẹ́ awọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi wé àká tí àgbẹ̀ ń kó iṣu sí. Bí àká bá ṣì láyè, kò séwu. Ìgbà tó bá kún, tí iṣu ṣì ń ti oko bọ̀, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú yàrá àti ilé ìdáná, tí onílé ò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ lé. Nínú ara, ẹ̀dọ̀, àyíká ìfun àti pancreas fúnra rẹ̀ ni ọ̀rá tí kò ríbi gbà máa ń yà sí. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti wọ̀ kì í gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu mọ́. Kàkà kó sinmi lóru, ṣe ni yóò máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ fi lè ga. Pancreas á wá máa ṣe insulin ní ìlọ́po kó lè ká a. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ni ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nítorí náà, mínírà àti mọ́lítì lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi kílò kún ara láìyó èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì rárá, tó ń jẹ òkèlè ju ohun tí ara rẹ̀ ń lò lọ, ojú ọ̀nà kan náà ló wà.

Àká oníkálukú kò tóbi bákan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín àti màmá wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Taylor ní Yunifásítì Newcastle ní Ìlú Ọba ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ọ̀rá ara rẹ̀ lè dé kó tó di ìṣòro. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kílò 75 ti pọ̀ jù fún wọn. Àwọn mìíràn lè dé 110 kí ẹ̀dọ̀ wọn tó fara gbá a. Ó lè jẹ́ pé àká ẹ̀gbọ́n yín tóbi ni, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì kún ni. Ní ti màmá, mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn àgbà ẹbí ní ìbéèrè kan: báwo ni wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n wà ní ẹni ogójì ọdún? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ aláìsàn ní irú ìbéèrè yìí, èsì tí mo sì ń gbọ́ jù ni pé, “Háà, màmá sanra nígbà yẹn o, àìsàn ló jẹ́ kí wọ́n gbẹ.” Tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ débi tó ń bá ìtọ̀ jáde, ebi á máa pa iṣan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà yí i ká. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ọmọ bá lójú lè jẹ́ àbájáde àrùn náà. Lóòótọ́, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ látilẹ̀ tí àtọ̀gbẹ sì mú wà. Ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí pancreas wọn kò ṣe insulin mọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú sísanra. Àwọn àgbàlagbà tí àká tiwọn kéré gan-an náà wà. Bó ti wù kí ti màmá rí, ọmọ alátọ̀gbẹ ni yín, ìyẹn nìkan ti fi kún ewu tiyín, ó sì jẹ́ ìdí kan sí i tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú kílò tó gorí ara.

Ohun tó kàn mí jù nínú lẹ́tà yín kọ́ ni 84. Ìrìn-àjò láti 61 dé 84 ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 114,000 láti ọdún 1976 fún ọdún 14, wọ́n sì fi ìwọ̀n wọn wé èyí tí wọ́n ní ní ọmọ ọdún 18. Àwọn tó fi kílò 5 sí bíi 8 kún un, ewu àtọ̀gbẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí ìwọ̀n wọn dúró lójú kan. Àwọn tó fi 8 sí bíi 11 kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó dín ju kílò 5 lọ kù, ewu tiwọn já sí ìdajì tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò ní gbé iye yẹn ka orí yín bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ibi tó dorí kọ yìí kan náà ni mo ń rí ní kílínìkì: ẹni tó jẹ́ pé kílò 20 gorí ara rẹ̀ láàárín ìgbà ìgbéyàwó sí ogójì ọdún ló ń padà wá bá mi ní ẹni ọdún 50. Aṣọ wa sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin tètè mọ̀. Ṣòkòtò ọkùnrin á fún un, á mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ìró kì í fúnni. Bí ikùn bá ṣe ń yọ ni à ń tún un ró. Bùbá náà, aránṣọ ti fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá báyìí kí aṣọ tó bá obìnrin sọ òótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà aṣọ kò lè ṣàìní téèpù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú un délé lálẹ́ òní. Ẹ tú ìró, ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ tún wá orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kí téèpù gbà yí yín ká, kó má fún, kó má sì dẹ̀. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ tó kà á. Iye yẹn kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín, ìyẹn ni pé kò yẹ kó pé 80. Àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba gba àwọn àgbàlagbà níyànjú bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Ní ti ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní BMI, tó ń fi kílò wé gíga, ẹ pín 84 sí 1.6 (gíga yín ní mítà), ẹ tún pín èsì rẹ̀ sí 1.6, ẹ ó rí nǹkan bí 33. Nígbà ìgbéyàwó, ó kù díẹ̀ kó pé 24. Àtẹ tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn wa ń ka 25 sí ìbẹ̀rẹ̀ àsanjù, àjọ Ìlú Ọba kan náà sì ní kí wọ́n máa ka 23 fún àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà, kí wọ́n sì ka 27.5 sí ibi tí ewu ti le dípò 30, torí pé ṣúgà tiwa máa ń gòkè ní ìwọ̀n tó kéré sí ti òyìnbó. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni kò mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kan fi àwọn aláwọ̀ dúdú ní Nàìjíríà wé àwọn tó wà ní Jàmáíkà, Barbados, St Lucia, Manchester àti ẹ̀gbẹ́ Chicago. Àtọ̀gbẹ kéré jù ní Nàìjíríà, ó pọ̀ sí i ní àwọn erékùṣù yẹn, ó sì pọ̀ jù ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, bí ìwọ̀n ara sì ṣe ń lọ sókè ni òun náà ń lọ sókè. Ìran kan náà ni wá. Bí a ṣe ń jẹun tí a sì ń rìn ló yàtọ̀, àwa tó wà nílé náà sì ti ń jẹun bíi tiwọn báyìí.

Kílò mélòó? Ọkàn yín á balẹ̀ níbí. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn wà ní bèbè bíi tiyín. Wọ́n ní kí apá kan wọn fi oúnjẹ àti ìrìn dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Apá kan ń lo metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà kù, apá kan ń lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ tó mú àwọn onírìn fi 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tó lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Metformin fi 31 dín in kù. Bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn bó ṣe ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù. Ìdá 7 nínú 84 yín, kílò 6 ni. Ẹ kò ní láti padà sí 61. Tí ẹ bá dé 78, àtẹ ògiri yẹn á ṣì máa pè yín ní ẹni tó sanra jù, àmọ́ ẹ̀dọ̀ yín ti bọ́ nínú ìnira tó pọ̀, torí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ wà lára èyí tó ń kọ́kọ́ lọ. Kílò kan lóṣù fún oṣù mẹ́fà tó.

Ibi tí mo ti ń rí i pé ìsapá ń bà jẹ́ ni ọ̀rọ̀ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wíìtì. Wọ́n á ní kí èèyàn fi èbà sílẹ̀, á fi í sílẹ̀ lóòótọ́, á wá máa gbé òkìtì wíìtì méjì mì nítorí wọ́n ní “ti alátọ̀gbẹ” ni. Ẹ máa jẹ èyí tó bá wù yín nínú gbogbo wọn, ẹ sáà dín òkèlè kù sí bí ìkúùkù yín ṣe tó, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀ tí yóò mú inú dúró. Mínírà 50cl kan sábà máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 50 ṣúgà nínú; tó bá jẹ́ òun àti búrẹ́dì ni ẹ fi ń pa ebi ọ̀sán ní ọjà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀wà tàbí ẹyin sísè àti omi láti ilé. Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ló di 150. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù kan tàbí méjì kí ẹ tó dé ọjà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín débi tí ẹ ó fi máa mí gúlegúle díẹ̀. Jíjókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn igbá aṣọ kò dára fún iṣan ẹsẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ sì wà lára ibi tó ń gba ṣúgà jù lára.

Ọ̀rẹ́ yín tí tiẹ̀ padà, kò ṣòfò. Àwọn èèyàn inú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn náà tún sanra padà. Wọ́n dín bíi kílò 7 kù lọ́dún kìíní. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, bíi kílò 2 péré ló kù nínú èyí tí wọ́n dín. Síbẹ̀, àtọ̀gbẹ tó mú wọn láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn fi 34 nínú 100 dín sí ti àwọn tó lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí ẹ̀dọ̀ fi sinmi, èrè ni. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí èèyàn fi ebi pa ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lọ síbi ayẹyẹ, kó tún jẹ gbogbo rẹ̀ padà, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, torí iṣan máa ń bá ọ̀rá lọ, iṣan kì í sì í tètè padà.

Wọ́n á ta tíì àti àgbo amúnirù fún yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n ń mú èèyàn ya. Omi ló ń lọ, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Ozempic àti Wegovy, ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín: nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, ó fi nǹkan bí 15 nínú 100 dín ìwọ̀n ara kù láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Àwọn tó sì dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà láàárín ọdún kan. Ó wọ́n, ó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn ní èébì, ayédèrú rẹ̀ sì ti wọ̀lú; Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2024 lórí ayédèrú tí wọ́n rí ní Brazil, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí fóònù. Fún 112, mi ò ní fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣúgà yín ga nígbà tí ẹ lóyún ìbejì, tàbí tí ṣúgà bá ń gòkè láìka ìrìn sí, metformin di ohun tí ẹ̀yin àti dókítà yín lè jọ sọ. Ẹ rántí sọ ọ̀rọ̀ oyún yẹn fún wọn, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ojú tí àwọn èèyàn wa fi ń wo ẹni tó rù, bíi pé ọkọ ò bọ́ ọ tàbí àìsàn tí a kì í dárúkọ ló ń ṣe é, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin sá padà sídìí ìkòkò. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ọkọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ fi ìwé àyẹ̀wò hàn wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé kílò 6 péré ni, láàárín oṣù mẹ́fà, kò sì ní hàn lójú yín tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nítorí kí ẹ lè tọ́ àwọn ìbejì wọn dàgbà ni. Apá kan wà níbẹ̀ tí ìyá ọkọ yín tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń rù tí kò wá a, tó ń mu omi ṣáá, tó ń dìde tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹta, tí èèrà ń ṣù bo ibi tó tọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má kí i kú oríire. Kó lọ ṣàyẹ̀wò lọ́la, kó má dúró de òpin oṣù.

Mi ò lè fi lẹ́tà ṣèlérí pé àtọ̀gbẹ kò ní mú yín láéláé. Àwọn kan ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ẹbí ṣì borí, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé sí wọn, ó sì rọrùn láti kápá. Tí yàrá àyẹ̀wò bá ní kí ẹ ṣe HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ sọ jẹnótáìpù yín fún wọn. Kò ṣeé gbára lé fún SS, ẹ̀rọ míì sì máa ń ṣi AS kà. Ṣúgà àárọ̀ ni kí irú wọn máa wò. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣúgà yín ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò rí, ẹ mú wọn dání lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò.